Àpò Oúnjẹ Tó Ń Báni Délé ní Abẹ́òkúta: Ibi Tó Ti Dáa àti Ibi Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní pátákó. Àwọn èèyàn díẹ̀ ló ń ṣe é láti ẹ̀gbẹ́ ọjà Kútọ̀. Wọ́n ń gba oúnjẹ tí kò tíì bàjẹ́, àmọ́ tí kò ní rí ẹni rà á mọ́, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, àwọn ilé búrẹ́dì, àwọn oko adìẹ àti àwọn gbọ̀ngàn àríyá. Wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. A ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò fẹ́ kí èrò ya bò wọ́n. Alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni ẹni tó bá nílò wọn máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ gbígbẹ, búrẹ́dì àti èlò ọbẹ̀ ni, iṣẹ́ wọn pegedé, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ sísè láti òde ìnáwó, wọ́n ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò pe gbogbo èèyàn sí pápá kan kí wọ́n wá gba tiwọn. Ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé oṣù Kejìlá 2024. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọmọdé 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ wá jẹ ìgbádùn ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama l'Ábùjá, lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ń lé èrò jáde bẹ́ẹ̀ ò fara sin: ní oṣù Kẹfà 2024, ìṣirò NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Bí ẹnu bá ti pọ̀ ju oúnjẹ lọ, tí géètì sì jẹ́ ẹyọ kan, ikú ti wà ńtòsí. Nítorí náà, gbígbé e délé kì í ṣe àṣejù. Òun gan-an ni a fi ń yìn wọ́n.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe dáa ni pé nǹkan kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà kónílé-ó-gbélé àrùn kòrónà ní 2020, wọ́n sún ti ìpínlẹ̀ Ògùn sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin kí ará ìlú lè ráyè ra oúnjẹ sílé. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá pa lónìí ló ń jẹ lónìí, kí ló fẹ́ rà sílé? Nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí kiri ní ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀ tí wọn ò tíì pín. Àwọn tí à ń sọ yìí kì í jẹ́ kí ohunkóhun sun oorun kejì lọ́dọ̀ wọn, àfi gaàrí, ìrẹsì, láfún àti ẹ̀wà.

Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣà á ni ojúlówó iṣẹ́ náà wà, tòmátì sì ni èèyàn fi máa ń dá wọn mọ̀. Tòmátì tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ ń wọlé nínú apẹ̀rẹ̀ híhun ńlá tó ń gbà ju 40 kílò lọ. Ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀, ẹnu apẹ̀rẹ̀ ń gún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ooru inú ọkọ̀ ń ṣe ìyókù. Kó tó dé Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, ìdí apẹ̀rẹ̀ ti di ẹ̀sà. Ẹ̀sà yìí ni àwọn alátà ń fún wọn lówùúrọ̀, pẹ̀lú tàtàṣé àti ata rodo tó ti rọ̀.

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń pín in sí. Èyí tó ṣì le, tí awọ rẹ̀ ò ya, wọ́n á tò ó sínú kéréètì oníke tó ní ihò lára, ìpele méjì sí mẹ́ta péré, kó lè dúró di ọ̀la. Èyí tó rọ̀, tí awọ rẹ̀ ti sán àmọ́ tí kò rùn, ọjọ́ yẹn náà ló ń jáde, wọ́n á sì kìlọ̀ fún ẹni tó gbà á pé kó lọ̀ ọ́, kó sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kó tó sùn. Èyí tí funfun ti hù sí lára, tàbí tí omi rẹ̀ ti ń hó, kò sí pé a ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò: kòtò ajílẹ̀ ni.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á, ojú nìkan ò tó. Ẹni tó wà nídìí tábìlì á fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí igi tòmátì ti já. Bí ibẹ̀ bá wọlé, inú ti rà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Á nu ọwọ́ sí àkísà gbígbẹ kó tó mú òmíràn, torí omi èyí tó rà ló máa ń kó bá èyí tó le. Àbùkù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àtíbàbà wọn kéré. Bó bá ti di aago mọ́kànlá, oòrùn ti dé ìdajì tábìlì, ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n kó síbẹ̀ á sì ti rọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ tí wọ́n rẹ sómi bò ó. Kò ná wọn ní nǹkan kan.

Ti búrẹ́dì rọrùn. Èyí tó padà sí ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì ṣì dáa, ó kàn le díẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ àti igun ọ̀rá ni kí ẹ máa wò, níbi tí òógùn ń kó sí bí wọ́n bá dì í nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti bu níbì kan, bí orí abẹ́rẹ́ lásán, odindi rẹ̀ ni kí ẹ sọ nù, torí ohun tó hù náà ti ta gbòǹgbò wọnú kójú tó rí i. Wọ́n ń pa òfin yìí mọ́. Ẹyin náà rọrùn: èyí tí èèpo rẹ̀ sán àmọ́ tí awọ inú ò ya, kí wọ́n sè é lọ́jọ́ náà kó le dáadáa, èyí tó ti ń jò, wọn kì í gbà á.

Ẹ̀wà ló gba ọgbọ́n. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu sàn ju ẹ̀wà tí kòkòrò ò jẹ́ sún mọ́ lọ. Èyí tí kòkòrò lu, wọ́n á fi asẹ́ kù ú, wọ́n á dà á sómi, wọ́n á bu èyí tó léfòó dànù, ìyókù á ṣeé sè. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ọlọ́jà tó ń da dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sniper, sínú àpò ẹ̀wà kó lè pẹ́. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, 100 mililítà sísàlẹ̀. Ìgò lòfin dé, kò dé ọwọ́ ẹni tó ti rà á pamọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ẹgbẹ́ yìí ni pé wọ́n á ṣí ẹnu àpò síta, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan gbóòórùn. Bó bá ta sí imú bí oògùn ẹ̀fọn, àpò náà padà nìyẹn. Ó dáa, àmọ́ kò tó, torí òórùn oògùn náà máa ń lọ kí májèlé rẹ̀ tó tán. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti máa gbà á. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tó ń lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: wọ́n á dì í pa pátápátá, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn kankan. Irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa wọ ilé ọlọ́mọ.

Ti láfún, ojú ló ń sọ: funfun ni kó jẹ́. Èyí tó ní dúdú, àwọ̀ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú lára, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n dá a padà. Gaàrí tó bá ti ń dìpọ̀ náà kò yàtọ̀.

Ó wá ku oúnjẹ òde ìnáwó. Sátidé kì í lọ lásán ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì sì máa ń ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Alásè gbé ìrẹsì kaná ní ìdájí, ó kó o sí kúlà ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Aago méje alẹ́ lẹni tó ni òde tó rántí pé àwọn kan ò rí jẹ nílùú, ló bá pe àwọn agbóúnjẹ. Ìrẹsì yẹn ti lo wákàtí mọ́kànlá nínú kúlà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé.

Kúlà kì í mú oúnjẹ gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú un tutù. Bí oúnjẹ bá ṣe wọ inú rẹ̀ ló ń pa á mọ́. Èyí tó bá wọlé ní gbígbóná fòò á gbóná fún wákàtí díẹ̀. Èyí tó bá wọlé ní lọ́wọ́ọ́rọ́ á wà ní lọ́wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò àìfojúrí sì fẹ́. Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ni pé kí oúnjẹ sísè gbóná ju 60°C lọ, tàbí kó tutù dé ìsàlẹ̀ 5°C, kó má sì lò ju wákàtí méjì lọ láàárín méjèèjì. Ìrẹsì tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú sórí iná. Bí ìrẹsì bá pẹ́ ní lọ́wọ́ọ́rọ́, irúgbìn yìí á hù, á tu májèlé sínú rẹ̀, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò sì ní mú májèlé yẹn kúrò. Ẹni tó bá ní «ẹ sáà gbé e gbóná» kò tíì yanjú nǹkan kan.

Àwọn agbóúnjẹ mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ní òfin tó dáa lórí ìwé: kúlà tí wọn ò tíì ṣí bù nìkan, kò gbọ́dọ̀ kéré sí 60, kò sì sí sàláàdì rárá. Ọwọ́ ni òfin náà ti ń bọ́. Irinṣẹ́ alábẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ oúnjẹ láti wọn ooru, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá kú, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń kan kúlà, ẹ̀yìn ọwọ́ kò sì mọ 60 yàtọ̀ sí 45. Wọ́n tún máa ń ti irinṣẹ́ náà bọ àárín nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kúlà ló kọ́kọ́ ń tutù. Ìtìjú náà wà ńbẹ̀: ó ṣòro fún ọ̀dọ́ láti sọ fún Ìyá Ìyàwó tó wọ aṣọ òfì pé «Ẹ má bínú, Mọ́mì, a ò lè gba ìrẹsì yín». Ní tiwa, kí wọ́n fi gbèdéke sí i: ẹni tí kò bá pè títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, kó pín in fún àwọn àlejò rẹ̀ kí wọ́n máa gbé e lọ. Inú ìkòkò alásè ni kí wọ́n ti máa bù ú, kì í ṣe inú ohun tí wọ́n ti ń pín fún àlejò. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà sísè máa ń yára kẹ̀ ju ìrẹsì lọ. Bí wọ́n bá fi ìyẹn sílẹ̀ pátápátá, a ò ní bá wọn jà.

Ohun kan tún kù lórí oúnjẹ gbígbóná: kí wọ́n yé bù ú sínú ọ̀rá dúdú. A ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá yẹn tẹ́lẹ̀ kó tó di ọ̀rá. Kí ẹni tó ń gbà á gbé abọ́ tirẹ̀ jáde, tàbí kí wọ́n fi ewé eéran pọ́n ọn, bí àwọn ọlọ́fàdà ti ń ṣe.

Àpò ilé ẹni márùn-ún sábà máa ń ní gaàrí kọ́ńgò méjì, láfún kọ́ńgò kan, ẹ̀wà kọ́ńgò kan, búrẹ́dì kan, tòmátì àti ata bíi kílò kan, epo pupa díẹ̀ nínú ìgò, àti ẹyin mẹ́fà bí oko adìẹ bá fún wọn. Kọ́ńgò kan ń lọ sí bíi kílò kan ààbọ̀, nítorí náà àpò náà wúwo ju kílò méje lọ. Ó kún ojú, àmọ́ ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá mu gaàrí láàárọ̀ tó sì jẹ láfún lálẹ́, ẹ̀gẹ́ ló jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ikùn rẹ̀ á yó, ara rẹ̀ ò ní rí ohun tó fi ń dàgbà. Kí wọ́n yọ kọ́ńgò gaàrí kan, kí wọ́n fi ẹ̀wà dípò rẹ̀ fún ilé tó bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tàbí ẹ̀pà tí kò bu.

Ọ̀rọ̀ wá dé ìdí iná. Ẹ̀wà ń jẹ èédú. Ilé tí kò rówó ra oúnjẹ, a ò lè retí pé ó ní gáàsì. A gbóríyìn fún wọn níbí: ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè ní gbogbo ilé tuntun ni «Kí lẹ fi ń dáná?» Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan, búrẹ́dì, gaàrí àti ẹyin tí wọ́n ti sè ni wọ́n ń kó fún un. Ẹni tó bá ní èédú díẹ̀, wọ́n á ní kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú kó lè tètè jinná, kó sì da omi àkọ́kọ́ nù.

Gbígbé e kiri nílùú olókè bíi Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ńlá ni. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń kó nǹkan bí ogún àpò, ó sì dáa fún Òkè-Ìlẹ̀wọ́, Pánṣẹ́kẹ́, Adátán àti Ìdí-Àbà, ibi tí ọ̀nà ti dán. Tó bá di àwọn ilé orí àpáta lápá Ìtòkò àti Ìkìjà lẹ́yìn Olúmọ, kẹ̀kẹ́ á dúró nísàlẹ̀, orí ni wọ́n ń fi rù ú gòkè. Ìgbà òjò, àpáta ń yọ̀, nítorí náà wọ́n ń pín àpò kan sí méjì. Ọ̀bántókò àti ọ̀nà Ládérin jìnnà, epo tí wọ́n ń jó síbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ inú kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n wá ẹnìkan níbẹ̀ tí wọ́n á máa já gbogbo rẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. «Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé» ni àdírẹ́ẹ̀sì, ó sì tó, bí ẹni tó ń gbé e bá jẹ́ ọmọ àdúgbò. Àárọ̀ kùtùkùtù kó tó di aago mẹ́jọ ló dáa jù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan, ọmọdé nìkan lèèyàn máa bá nílé, a kì í sì já oúnjẹ fún ọmọdé lọ. Bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn wù wá púpọ̀. Ọmọkùnrin tó gbé àpò dé á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní, «Ẹ kú ilé o, Màmá. Wọ́n ní ká kó ẹrù yín wá.» Kò sí fọ́tò, kò sí aṣọ ẹgbẹ́ tí orúkọ ń dán lẹ́yìn rẹ̀, àpò tí gbogbo èèyàn ń gbé lọ ọjà ni wọ́n ń lò. Aládùúgbò ò ní mọ̀ bóyá ọmọ ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra ni kò tíì yé wọn bí wọ́n á ṣe ṣe é. Àpò kan fún yàrá kan, yàrá mẹ́sàn-án yòókù ń wò. Ìjà ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbà á gan-an á sì di ẹni àbùkù. Ohun tó dáa ju èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí ni kí wọ́n pe ìyá tó bá dàgbà jù nínú ilé, kí wọ́n fún gbogbo yàrá ní búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn wá gba àpò rẹ̀ níta, nídìí kẹ̀kẹ́.

Ìwé orúkọ ni a fẹ́ kí wọ́n tún ṣe kíákíá. Alága CDA ló ń kọ ọ́, aya ẹ̀gbọ́n alága sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, alágbàṣe tó wá láti ìlú mìíràn, arúgbó tí kì í jáde lọ sípàdé, orúkọ wọn kì í sí níbẹ̀. Kí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí ọ̀nà wọn ò papọ̀: alága, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, àti obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ojúlé. Olóúnjẹ mọ ẹni tó ń rajà àwìn tí kò sì rí i san. Ó mọ̀ ọ́n ju alága lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan: ọlọ́jà, ẹ ya ẹ̀sà sọ́tọ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ má sì da omi sí i. Ilé búrẹ́dì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yan án sára páálí. Ẹlẹ́yin, ẹ má ṣe fọ ẹyin tó sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó ní òde Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni kó ti sọ fún wọn, kó sì ní kí alásè ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí títí wọ́n á fi dé.